Ariwo Tí Kò Sí Nínú Bàlúù

Sírájú,

Má wulẹ̀ tú bàlúù ìṣeré oníbátìrì tí òyìnbó gbé fún ẹ tún ṣe mọ́. Kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Bí mo ṣe tàn án láàárọ̀ yìí, ariwo yẹn tún bẹ̀rẹ̀. Mo yọ abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀, ariwo ò dákẹ́. Mo yọ bátìrì, ẹ́ńjìnnì dúró, ariwo ò dúró.

Mo wá ṣe bí o ṣe kọ́ mi: mo fi ẹnu sikurudíráfà kan ẹ́ńjìnnì, mo gbé etí lé èèkù ẹ̀. Kò dún rárá. Mo fi kan tábìlì, ó ń kùn díẹ̀. Mo fi kan ògiri tó kọjú sí ilé-iṣẹ́ aṣọ wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mi létí.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń hun aṣọ ni. Mo mọ bó ṣe máa ń kọ́sẹ̀ kó tó yí. Ṣebí ojú wa ni wọ́n ṣe gbé e sínú tírélà, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba yẹn, lé gbogbo wa lẹ́nu iṣẹ́? Iná gan-an ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò. Má gbé etí lé ògiri yẹn o.

Mo ti wọ yúnífọ́ọ̀mù mi. Wọ́n ti fọn fèrè iṣẹ́ níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ti géètì mọ́ mi síta.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Ràfátù