Jẹ́ Kí Beatrice Ṣe Àgbẹ̀ Nínú Sinimá

Odò-Orò, 1961

Àbúrò mi Ọláòfẹ́,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara ìyá wa le. Páànù tuntun tí mo fi kan òrùlé mi ń dán dé Ìkọ̀lé.

Mo gbọ́ pé o kọ̀ kí Beatrice ọmọ rẹ ṣe àgbẹ̀ kòkó nínú sinimá tí wọ́n fẹ́ tún yà, torí ọkùnrin ló ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé sinimá ti ọkùnrin yẹn wá hàn wá níbí, ọjọ́ kẹta ló ti ṣí kòkó tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kí ó lè kan. Ìyá wa kígbe sí i lára aṣọ sinimá pé, "Bò ó padà, ọmọkùnrin yìí, ó di ọjọ́ kẹfà." Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Lọ́wọ́ ìyá yìí ni èmi tí mo fi owó kòkó kọ́ ulé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti kọ́ṣẹ́ kòkó, obìnrin sì ni.

Jẹ́ kí ọmọ náà ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá wa. Olúwa yóò fi í gbé ọ ga. Bí ó bá ń bọ̀, kí ó bá mi ra oògùn orúnkún.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ògúntúàṣe