Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Olùwo Àwọn Àmì Pupa

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1957 ni wọ́n bí Màmá wa, ní yàrá òkè ilé kan tó kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin. Bàbá wọn ló ń tún aago ibùdókọ̀ náà ṣe. Ìyá wọn sì jẹ́ agbẹ̀bí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ bí ẹni mowó. Màmá ni ọmọ kẹta nínú márùn-ún, àwọn nìkan sì ni obìnrin. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn tó jókòó síhìn-ín lónìí lè jẹ́rìí pé Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rímú mí nílé náà.

Ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí orúkọ ìnagijẹ fi lẹ̀ mọ́ wọn. Tíṣà wọn sọ ní kíláàsì pé oòrùn tóbi ju ayé lọ. Màmá na ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí tíṣà fi han àwọn. Tíṣà tún un sọ, ó yà á sójú pátákó, Màmá ṣì ń wò ó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di Fi-Hàn-Mí. Orúkọ náà bá wọn dé yunifásítì, níbi tí wọ́n ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 1979, tí wọ́n sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ ní ọdún 1986.

Láàárín oyè méjèèjì, ní ọdún 1983, ni wọ́n pàdé Bàbá wa, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Fíríìjì inú yàrá tí Màmá háyà ló bàjẹ́. Bàbá tún un ṣe, wọ́n palẹ̀ irinṣẹ́ wọn mọ́, wọ́n ní ó ti parí. Màmá ní kò tíì parí, kí wọ́n jókòó títí omi inú abọ́ yóò fi di yìnyín. Kí omi náà tó dì, ọ̀rọ̀ ti wọ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1984. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ kí Bàbá tó jẹ́wọ́ pé ṣe ni àwọn rọra dín òtútù ẹ̀rọ náà kù lọ́jọ́ yẹn, kí omi má baà tètè dì. Màmá ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. A kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Ọdún 1988 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ọ́fíìsì wọn wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, fèrèsé kan ṣoṣo tó ní sì kọjú sí ògiri, tí awòràwọ̀ wa kò fi lè rí ojú ọ̀run láti ibi iṣẹ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rù wọn, wọ́n tún fẹ́ràn wọn. Ẹni tó bá ní òun rò pé nǹkan rí báyìí, Màmá á fún un ní tíì. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ dájú, kó yáa múra.

Ní ọdún 2022, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì, awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan tí wọ́n gbé lọ sí òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí fi àwòrán ránṣẹ́. Inú àwọn àwòrán náà ni àwọn àmì pupa kéékèèké ti yọjú. Kò sẹ́ni tó retí wọn. Wọ́n kéré, wọ́n ṣù, wọ́n pọ̀, wọ́n sì pupa bí iná kékeré ara tẹlifíṣọ̀n tí a pa tí a kò yọ wáyà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọn ti wà lọ́nà láti ìgbà tí àgbáálá ayé ṣì jẹ́ ọmọ jòjòló. Àwọn kan ní ìràwọ̀ ló kóra jọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tíì ráyè kóra jọ nígbà náà. Àwọn mìíràn, tí Màmá wà lára wọn, ní ihò dúdú ni, ìyẹn ohun tó wúwo débi pé ìmọ́lẹ̀ gan-an kò lè jáde nínú rẹ̀, pé gáàsì tó ń já wọ inú rẹ̀ ló ń tàn. Àwọn awòràwọ̀ tú ìmọ́lẹ̀ náà palẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, wọ́n rí ìlà gáàsì háídírójìn nínú rẹ̀, ìlà náà sì fẹ̀, tó túmọ̀ sí pé gáàsì ibẹ̀ ń sáré kíkankíkan. Ṣùgbọ́n irú ihò bẹ́ẹ̀ a máa tú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya fọ́tò eegun jáde, wọn kò sì rí i lára púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí. Bóyá gáàsì tó nípọn ló bò ó. Bóyá nǹkan tí a kò tíì ní orúkọ fún ni. Tí a bá bi Màmá léèrè nílé, wọ́n á ní, "Mo rò pé ihò dúdú ni. Mi ò tíì mọ̀."

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò kúrò ní ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ilé ìjọsìn, inú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n wà, ẹ̀yìn sì ni wọ́n ń dúró sí. Nígbà tí pásítọ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tú àṣírí àwọn àmì pupa fún wọn, wọ́n ṣe àmín. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n lọ bá pásítọ̀ pé kó fi àwọn tó ń bá àwọn jiyàn kún àdúrà náà, kí ẹnu lè kò.

Àìsàn ọkàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní ọdún 2025. Ní àkókò náà gan-an ni ìròyìn dé pé wọ́n ti gbà kí Màmá àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn yí awò ńlá náà sí díẹ̀ nínú àwọn àmì pupa, ṣùgbọ́n ó di ọdún tó ń bọ̀. Dókítà kò fi bò: Màmá kò ní dé ibẹ̀. Wọn kò bẹ̀rù ikú, a rí i lójú wọn. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn yóò lọ láìmọ̀. Ó sì dun àwa náà wọra.

Bàbá kò lè gbà á mọ́ra. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n jókòó ti ibùsùn, wọ́n sì di ọwọ́ Màmá mú.

"Ìyá àwọn ọmọ, wọ́n ti rí i o. Ihò dúdú ni. Ìwọ lo jàre."

"Ta ló sọ fún yín?" ni Màmá bi wọ́n.

"Ọ̀gá ọ́fíìsì yín ló pè mí láàárọ̀ yìí."

"Ìlà háídírójìn rẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

Bàbá wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀. "Ó fẹ̀ dáadáa," ni wọ́n wí.

Màmá rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Bàbá ní tiwọn bú sẹ́kún. Nígbà tí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀, Màmá fi ọwọ́ nu ojú Bàbá. "Ẹ ṣé, olówó orí mi. Ẹ fẹ́ kí n fi ayọ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa irọ́ yẹn mọ́ mi. Tí wọ́n bá ti ní mo rí i, ta ló tún máa wá a?"

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Màmá dákẹ́, tí Bàbá jókòó tì wọ́n. Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé lọ, àti àwa ọmọ mẹ́ta: oníṣègùn eyín, ẹni tó ń kọ́ni ní ìlúwẹ̀ẹ́, àti àbíkẹ́yìn tó ń bá Bàbá tún fíríìjì ṣe; pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún tí ẹnu wọn kì í sinmi, arákùnrin mẹ́rin, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ lọ jàra.

Nígbà tí a gbé ìwé ètò ìsìnkú yìí lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Màmá, tó fẹ́ bu ọlá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́ pé: "Ẹni Tó Tú Àṣírí Àwọn Àmì Pupa." A kò ní tan yín, ó dùn mọ́ àwa ọmọ náà. Ta ni kò fẹ́ kí ayé gbé ìyá òun gẹ̀gẹ̀? Bàbá ló wọ bàtà, tí wọ́n lọ bá onítẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní kó yọ ọ́, kó sì fa gbogbo èyí tó ti tẹ̀ ya. Onítẹ̀wé bẹ̀ wọ́n pé ọ̀rọ̀ ìyìn mà ni. Bàbá ní ọkọ rẹ̀ ni àwọn, àwọn mọ ìyìn tó tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rí lójú ìwé náà báyìí, Bàbá fúnra wọn ló pè é tí onítẹ̀wé fi tẹ̀ ẹ́: "Ó wá a dọ́jọ́ ikú rẹ̀. Kò rí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Àwọn tó kù ń wò ó lọ. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ sùn re o.