Ìkẹ́dùn Ikú Ìyáàfin Arlene Kubicek, Aṣáájú Wa ní Etí Adágún

Sí Ọ̀gbẹ́ni Norbert Kubicek àti àwọn ọmọ,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ẹ̀rù tí kò tíì kúrò lára wa, ni àwa Ẹgbẹ́ Olùwòye Ẹyẹ Etí Adágún Michigan fi ń bá yín kẹ́dùn ikú aya yín, Ìyáàfin Arlene, tó ń ṣáájú wa lọ wo ẹyẹ láràárọ̀ Sátidé nígbà ìrúwé.

Tí a bá ní ká sọ iṣẹ́ wọn tán, ilẹ̀ á ṣú. Àwọn ni wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù bẹ àwọn oníṣòwò kí wọ́n máa pa iná lálẹ́ nínú oṣù Karùn-ún, kí àwọn ẹyẹ tó ń ti gúúsù bọ̀ má baà forí sọ gíláàsì. Ẹni tó bá ń pariwo lọ́nà, wọn á fẹ̀rín sọ fún un pé: “Ìwọ yìí, ojú la fi ń wo ẹyẹ o, kì í ṣe ẹnu! Tí mo bá ti nawọ́ sókè, ẹ dúró sójú kan. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan.”

A ń gbọ́ ọ nígboro pé ẹyẹ ló tàn wọ́n dé etí bèbè gíga tó wà lókè adágún. Ẹnu ayé lẹbọ. Irọ́ ni, ojú wa ló ṣe. Ọ̀nà tí gbogbo wa ń tọ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi ṣàdédé nawọ́ sókè. A dúró, a gbójú sókè, a ń wá ẹyẹ lórí igi. Kò sí ẹyẹ kankan. Ilẹ̀ ló ń là lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọn ì bá fò sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ṣì gbé awò awọ̀nà-jíjìn sójú. Ẹni yẹn ni wọ́n tì sẹ́yìn kí bèbè tó ya lọ sínú adágún tòun tiwọn.

Láti ọjọ́ náà, àyà wa kò balẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì nawọ́ sókè nípàdé, gbogbo wa á ta gìrì. A ti dá ìrìn dúró ní etí bèbè. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé ojú yín kò gbé mọ́tò wíwà mọ́, àwa la ó máa fi mọ́tò gbé yín lọ sílé ìwòsàn.

Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí ni wọ́n tì sẹ́yìn. Ẹ̀rù yín ń bà mí, Ọ̀gbẹ́ni Kubicek. Mi ò mọ ojú tí n ó fi wò yín, ṣùgbọ́n n ó wá síbi ìsìnkú.

Kí Ọlọ́run tu ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nínú, kí Ó sì jẹ́ kí ẹ lè wo ojú mi láì rí ikú wọn níbẹ̀.

Verna Stoltz,
Alága Ẹgbẹ́