Àdúrà Tí Ẹ Máa Ń Gbà Nídìí Àkàbà

Bàbá mi àtàtà, àgbà káfíńtà,

Inú mọ́tò ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Ìwé kan tí mo rí nínú báàgì iṣẹ́ mi ni mò ń kọ ọ́ sí, itan mi ni mo fi ṣe tábìlì, nítorí náà ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi rúlà fa ìlà kí ẹ tó kọ lẹ́tà, mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí.

Ẹ̀yìn pápá tí Fọlárìn ọmọ mi ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lónìí ni mo wà. Láti ilé wa ní Clinton, wákàtí méjì la fi wa mọ́tò dé ibí. Bàbá ẹ̀ ti wọlé lọ di àyè mú. Mo ní kó máa lọ, pé mò ń wá gíláàsì mi. Gíláàsì ọ̀hún wà lójú mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá. Aago kan ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, aago méjìlá ti kọjá díẹ̀ báyìí, mo sì ní nǹkan tí mo fẹ́ bi yín kó tó di aago kan.

Ẹ rántí ọmọ náà, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Fọlárìn. Ọmọ tí ẹ ní kó fi ọlá rìn, kò rìn o, eré ló ń sá látọjọ́ tó ti mọ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ rántí fídíò àkọ́kọ́ tí mo fi hàn yín nígbà tó wà ní háyískúùlù? Ẹ di fóònù mú bí ẹ ṣe máa ń dì í, iwájú orí yín nìkan ni mò ń rí. Ẹ wá bi mí pé kí lọmọ yìí jí tí gbogbo àwọn géńdé yìí fi ń lé e. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ṣàlàyé fún yín pé bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, pé kọ́tábáàkì ni Fọlárìn, ọwọ́ ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí, òun ló sì máa wo ẹni tó yẹ kó jù ú sí. Ẹ ní ó dáa, kó yáa tètè jù ú, kí wọ́n yé lé e.

Ó ń jù ú, Bàbá. Ṣùgbọ́n tí kò bá ti rí ẹni tó máa jù ú sí, á gbé e mọ́ àyà, ó di eré nìyẹn. Ó ti di ọmọ ogún ọdún, ọdún kejì ẹ̀ rèé ní yunifásítì, eré ọ̀hún sì ti kúrò ní ti ọmọdé. Ẹni tó tóbi tó o lẹ́ẹ̀mejì á na ọwọ́ sí i, Fọlárìn á yẹ̀ ẹ́ báyìí, afẹ́fẹ́ ni onítọ̀hún á dì mú. Kóòṣì wọn ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣa ọmọ fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá, níbi tí bọ́ọ̀lù ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ èèyàn, ti ń wá jókòó, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ̀ bá ti fi fídíò ẹ̀ han gbogbo àdúgbò.

Òfin kan wà nínú eré náà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Tí kọ́tábáàkì bá ń sáré bọ̀, tó sì rí i pé wọ́n ti fẹ́ ká òun mọ́, ó lè fúnra ẹ̀ lọ sílẹ̀. Á na ẹsẹ̀ síwájú, á fi ìdí yọ̀ lórí koríko. Síláìdì ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ lù ú mọ́. Fọlárìn mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbáradì, kóòṣì ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré gan-an, kò ní ṣe é láéláé.

Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀nà là níwájú ẹ̀, gbogbo èèyàn dìde. Èmi náà dìde, mò ń pariwo orúkọ ẹ̀. Mo wá rí àwọn méjì tí wọ́n ń bọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Fọlárìn náà rí wọn, mo mọ̀, torí mo rí i tó yí orí. Àyè wà fún un láti lọ sílẹ̀. Kò lọ. Ariwo tí mo gbọ́, bí ìgbà tí pákó já láti òrùlé tó lu ilẹ̀ ni. Ó sùn sílẹ̀ gbalaja. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ojú mi ti rí nǹkan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mi ò rántí ohunkóhun tí wọ́n kọ́ mi. Ìka ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń wò látòkè, mò ń bẹ ìka yẹn pé kó mì. Ó mì. Ọmọ dìde, ó gbọn koríko dànù lára, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jókòó, mi ò lè pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn eré, kóòṣì wá bá mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó bi mí pé kí ló wà lọ́kàn ọmọ yìí. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti sú òun. Ó ní ẹsẹ̀ Fọlárìn lè gbé e dé ibi gíga, ó sì lè má ré kọjá ọdún yìí, torí kọ́tábáàkì tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọrùn kan ṣoṣo lèèyàn ní. Ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn ni mo gbé sùn, òun náà ni mo gbé jí.

Fọlárìn wálé ní Sọ́ńdè. Mo dín dòdò fún un, ó jẹ ìrẹsì abọ́ méjì, ó ń tiro díẹ̀, ó rò pé mi ò rí i. Mo ní, Fọlárìn, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Kí ló dé tí o kì í lọ sílẹ̀? Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ẹ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ, Yorùbá ẹ̀ ò ju kó kí èèyàn, kó bèèrè oúnjẹ, kó ṣe àmín sí àdúrà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní mi ò ní ṣubú.

Òótọ́ ló sọ. Láràárọ̀ Sátidé, kó tó lọ sí pápá, mo máa ń pè é, mo máa ń gbàdúrà fún un lórí fóònù. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀. O ò ní ṣubú. Ọ̀tá ò ní rí ọ gbé ṣánlẹ̀. Àdúrà yín ni, èyí tí ẹ máa ń gbà fún wa. Mo rò pé ó ń gba etí ọ̀tún wọlé, ó ń gba tòsì jáde, bí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe. Àṣé ọmọ ń gbọ́. Ó ní tí òun bá fúnra òun lọ sílẹ̀, òun ti ba àdúrà jẹ́ nìyẹn. Ó ní kí àwọn yẹn wá gbé òun ṣubú tí wọ́n bá lè ṣe é, òun ò ní bá wọn ṣe é. Bàbá, ẹnu mi yìí ló ń tì í sábẹ́ àwọn géńdé wọ̀nyẹn, mi ò sì mọ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wẹ̀yìn wò. Mo ti wẹ̀yìn wò, ẹ̀yin ni mo rí níbẹ̀. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ní wọ́ọ̀dù wa, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá ranlẹ̀ mọ́, a máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ yẹ́lò tí kì í yọ̀ fún un, kí gbogbo wa lè máa ṣọ́ ọ. Tó bá gbìyànjú àtidìde, aago ìkìlọ̀ tó wà lára bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ á ké, màá sì sáré. Ìbọ̀sẹ̀ yẹ́lò ni mò ń wọ̀ fún bàbá ẹlòmíràn nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀yin tí ẹ fi ogójì ọdún gun òrùlé tí ẹ ò já bọ́ rí, orí táìsì iwájú ilé yín lẹ ti yọ̀, ẹ ò sì dìde mọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n lẹ táìsì yẹn. Ẹ ní sìmẹ́ńtì tó yín, mo ṣagídí, mo fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ pé ẹ lọ́mọ lókè òkun. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la sọ̀rọ̀, mo ní, Bàbá, ẹ ò ní ṣubú o, ẹ sì ṣe àmín. Ṣé inú ń bí yín sí mi? Ṣé ẹ pe orúkọ mi nígbà tí ẹ wà nílẹ̀?

Látìgbà yẹn ni mo ti ń gba àdúrà ọ̀hún kíkankíkan fún Fọlárìn, torí mo ti rí ọjọ́ tí kò gbà. Kí ni kí n wá ṣe báyìí? Kí n pè é, kí n ní, ọmọ mi, ṣubú? Ìyá wo ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ wí bẹ́ẹ̀ fọ́mọ tó fẹ́ bọ́ sí pápá? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹnu òbí lágbára. Àbí kí n má gbàdúrà rárá? Mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Bowie, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, òun ló gba iṣẹ́ mi ṣe lónìí kí n lè wá. Ó ní kí n gbààwẹ̀. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ebi pa mí dáadáa, ẹ̀rù ò lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà Route 5, atẹ́gùn ń fẹ́ burúkú burúkú. Mo rí àwọn káfíńtà lórí òrùlé ilé tuntun kan tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá sí mi lọ́kàn. Mo rántí ọjọ́ tí mo gbé oúnjẹ wá fún yín níbi ilé ọlọ́rọ̀ kan ní Ọ̀yọ́. Atẹ́gùn dé, ẹ ní kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ sọ̀. Onílé dúró nísàlẹ̀, ó ń bú yín ní ojo, ó ní irú káfíńtà wo lẹ jẹ́. Ẹ sọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ kọjú sí àkàbà, ẹ yọ ìṣó kúrò lẹ́nu yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bu omi fọwọ́, ẹ jẹ ẹ̀bà yín. Ẹ ò tíì jẹ ẹ́ tán tí páànù méjì fi ṣí fò kọjá lórí wa.

Ìyẹn dá mi lójú. Àdúrà tí ẹ máa ń gbà nídìí àkàbà kí ẹ tó gùn ún ni ìparí ẹ̀ ò dá mi lójú. Ẹ ó fọwọ́ kan gbá àkàbà mú, pẹ́ńsù á wà létí yín. Ẹ ó ní, a ó gòkè láyọ̀, ẹsẹ̀ wa ò ní yẹ̀, a ò ní já bọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á ṣe àmín. Ǹjẹ́ ẹ ò tún sọ ohun kan tẹ̀ lé e? Ó ń dún létí mi láti Ọjọ́bọ̀ pé ẹ máa ń sọ pé tí atẹ́gùn bá sì dé, kí ojú má tì wá láti sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ẹ sọ ọ́ lóòótọ́? Àbí ẹ̀rù ló hùmọ̀ ẹ̀ fún mi? Mi ò rẹ́ni bi. Ìyá mi ti ṣáájú yín lọ, àwọn tó bá yín ṣiṣẹ́ ti tú ká, mi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Ó lè jẹ́ pé ìlàjì àdúrà yín ni mo gbé wá sí Amẹ́ríkà, tí mo gbàgbé ìyókù sílé torí pé n kì í gun òrùlé.

Láàárọ̀ yìí mo pe Fọlárìn. Mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣe àmín. Mo wá ní, tí atẹ́gùn bá sì dé, Fọlárìn, kí ojú má tì ọ́ láti sọ̀ kalẹ̀. Kò ṣe àmín. Mo rò pé fóònù ti já. Ó ní, kí nìyẹn, Mọ́mì? Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un, mo sọ ọ̀rọ̀ onílé àti páànù fún un, mo ní ẹni tó sọ̀ fúnra ẹ̀ kò ṣubú, ọ̀la ló ń tọ́jú. Ó wá bi mí pé ṣé Gíráńpà ló máa ń gba àdúrà yẹn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá. Mo ní òun gan-an ni, láràárọ̀, nídìí àkàbà. Ó ní ó dáa. Ó ní, àmín.

Àmín tiyín ló ṣe, kì í ṣe tèmi. Mo ti fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu, ọmọ sì ti gbé e wọ pápá lọ. Bàbá ẹ̀ ti ń pè mí lórí fóònù báyìí, ariwo ti pọ̀ nínú lọ́hùn-ún, mo gbọ́dọ̀ wọlé. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ rí, ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Tí ẹ ò bá sì sọ ọ́ rí láyé yín, ẹ dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ lónìí. Ẹ bá mi sọ ọ́ kó tó di aago kan.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó máa ń gbé oúnjẹ dúró dè yín nísàlẹ̀, tó fẹ́ràn yín títí dòní.