Ìpínlẹ̀ Ni Wá Báyìí

Ẹ̀gbọ́n mi Abakar,

Ẹ kú iṣẹ́ Jeddah. Ìyàwó yín kí yín, àwọn ọmọ náà kí yín. Àgùtàn méjì péré ló kù.

Ẹ̀rọ kànga wa bàjẹ́. Nígbà tí agbègbè wa ṣì jẹ́ ẹkùn lábẹ́ ìjọba, Khartoum là ń dúró dè fún àtúnṣe. Nígbà tí wọ́n sọ wá di ìpínlẹ̀, Tíṣà Siddig ní, "Ẹkùn ń gbàṣẹ ni, ìpínlẹ̀ ló ń dá ara rẹ̀ ṣe." A jó. A wá kọ̀wé sí Khartoum nípa kànga, wọ́n fèsì pé, "Ṣebí ẹ ti di ìpínlẹ̀? Ẹ tún un ṣe fúnra yín."

Omi ẹrẹ̀ tí màlúù ń mu là ń pọn. Ìgbẹ́ gbuuru mú Ìyá. Ọjọ́ Jímọ̀ la sin wọ́n.

Ẹ má fowó sàráà ránṣẹ́. Irin ẹ̀rọ náà ni kẹ́ ẹ rà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ bá àwa yòókù láyé.

Àbúrò yín, Kaltuma.