Ìgò Òfìfo Tó Jẹ́wọ́ fún Bàbá Josiah

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, kó gbé àga rẹ̀ bọ̀ níwájú. Ìtàn Bàbá dùn ún gbọ́.

Lálúpọn ni a ti bí Olóògbé Josiah Àrẹ̀mú Gbọ́njúbọ́lá ní ọdún 1907, ní ilé Lazarus, àgbẹ̀ oníṣu. Bàbá ka ìwé mẹ́rin ní ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà. Ní 1934, wọ́n gbé Àrínọlá níyàwó.

Ní 1955, Bàbá rí iṣẹ́ ìgò fífọ̀ sí ilé àyẹ̀wò omi kan ní Ìbàdàn. Kò sí ohun tí Bàbá kì í bi léèrè: omi, òkúta, àní kòkòrò.

Ní 1967, ọwọ́ àwọn ọmọ agbolé wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, títí kan Olúrẹ̀mí, ọmọ-ọmọ Bàbá. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ń lo mákúrì, májèlé tó ń dán bí fàdákà tó sì ń ṣàn bí omi, nítòsí kànga wa. Bàbá bu omi kànga sínú ìgò rọ́bà, wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lórí pẹpẹ kí àyẹ̀wò tó kàn án. Èsì ní kò sí mákúrì. A yọ̀, a ń mu omi wa lọ. Ọwọ́ Olúrẹ̀mí ṣì ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan, Àrínọlá da omi gbígbóná sínú akèrègbè epo tó ti tán. Epo tún léfòó. Bàbá bi í pé:

"Ìyá Wándé, epo tó tán, ibo ló ti wá?"

"Ara akèrègbè ló mu ún. Àgbà yìí, ẹ ò mọ̀yẹn?"

Bàbá fò sókè! Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n da omi inú ìgò rọ́bà nù, wọ́n fi ásíìdì ṣan inú rẹ̀, wọ́n gbé e fún Ọ̀gá Jìmí, tó ń yẹ omi wò níbi iṣẹ́ wọn.

"Bàbá, ìgò òfìfo lẹ ní kí n yẹ̀ wò?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ó yẹ ásíìdì tí wọ́n fi ṣàn án wò. Mákúrì rèé! Ara ìgò ló ti mu ún. Wọ́n bu omi mìíràn sínú ìgò dígí, wọ́n kán ásíìdì sí i lójú ẹsẹ̀ kí mákúrì má bàa lẹ̀ mọ́ ìgò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mákúrì rẹ̀ ò dín. A dí kànga náà. Alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i. Àwa obìnrin gbé orin:

*Bàbá bi ìgò léèrè, ìgò jẹ́wọ́ o,*
*Ìgò òfìfo, kò ṣófo o!*

Bàbá ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn wọn ò dùn, síbẹ̀ orin wọn ló máa ń ròkè jù.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní oṣù kejì ọdún 1969. Wọ́n fi Àrínọlá sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Wándé àti Mojí, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Àrẹ̀mú, sinmi jẹ́ẹ́. Kí ilẹ̀ tù ọ́ lára.

Ẹ̀yin èrò, iyán ti délẹ̀, ẹran ìgbẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ àjẹyó kí ẹ tó relé. Omi kànga tuntun ni Olúrẹ̀mí ń gbé kiri. Ife rẹ̀ kún dẹ́nu. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀kán kan ò dà.