Aláìsàn Kì Í Sùn Lẹ́nu Ọ̀nà

                                                            Yàrá ẹ̀yìn,
                                                            Ilé Bàbá yín,
                                                            Òdìkejì ọgbà ọkọ̀ ojú irin.
                                                            Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí jìnnà, ẹ kọ́kọ́ forí jì mí pé mo tilẹ̀ kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìka tó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú, èmi kì í sì í ṣe ìka yẹn. Èmi tí mo kéré jù nínú ẹbí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ṣì ń ṣìnà láàárín ilé ìkàwé àti yàrá ẹ̀kọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún yín nípa bàbá tó bí yín lọ́mọ? Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo fà á ya, mo tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń ta kókó, ẹ bá mi tú u.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn yín ti hu eyín, gbogbo ẹni tó bá gbé e ló sì ń gé jẹ. Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́, ẹ kú ariwo ọmọ ọlọ́mọ. Màmá mi ì bá ní kí n kí yín, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé. Ní tiwa níbí, a wà. N kò lè sọ ju pé a wà lọ.

Ìpè tí ẹ pe Bàbá lọ́jọ́ Àìkú ló jẹ́ kí n mú bírò. Inú pálọ̀ ni mo wà, mò ń lọ aṣọ. Ẹ mọ̀ pé etí wọn ti wúwo díẹ̀, fóònù wọn a sì máa pariwo bí ẹni tó ń jà, kò sí ohun tí ẹ sọ tí n kò gbọ́. Ẹ ní ìyàwó awakọ̀ kan ló ròyìn fún yín pé ọjọ́ ogbó ti dé sí wọn, pé wọ́n gbàgbé bí a ṣe ń to ọkọ̀, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn fi kún ibùdókọ̀ láàárọ̀ tí ọkọ̀ kò wá. Ẹ ní wọ́n kó ìtìjú bá yín, pé wọn ì bá ti fẹ̀yìn tì nígbà tí iyì ṣì wà níbẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n ní, "O ò purọ́, ọmọ mi." Wọ́n wá gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní kí n rọra lọ ọrùn ẹ̀wù yẹn, pé ó tètè máa ń jóná. Ẹ̀wù iṣẹ́ wọn ni. Wọn kì í wọ̀ ọ́ mọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ní kí n bá àwọn lọ̀ ọ́.

Àǹtí, wọn ò gbàgbé ohunkóhun. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, Bàbá sì wà lára àwọn tó pa á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọgbà tí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ wà nílé kọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ti ra ọkọ̀ tó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ra ilẹ̀. Ilé ti yí ọgbà náà ká débi pé àwọn ènìyàn ń sá aṣọ sórí wáyà ọgbà, òmíràn á sì jábọ́ sórí ọkọ̀, á bá a lọ sí ìgboro. Ojú irin tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sùn sí kò pọ̀, ògiri ló wà ní ìdí wọn, ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ó dà bí ìgbà tí èrò bá pọ̀ jù nínú yàrá tóóró. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló máa sùn ti ògiri, kò sì lè dìde jáde àfi bí ẹni tó sùn lẹ́nu ọ̀nà bá kọ́kọ́ jí. Iṣẹ́ Bàbá ni pé bí àwọn ọkọ̀ bá ti ń ti ìgboro bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ló máa pàṣẹ èyí tó máa lọ bá ògiri àti èyí tó máa wà lẹ́nu, kí oníkálukú lè jáde lásìkò tó bá di òwúrọ̀. Atòkọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n.

Wọ́n mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Inú rédíò ọwọ́ ni wọ́n ti máa ń bú àwọn awakọ̀. "Ìwọ tó o ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin, ṣé ìlú míì lò ń lọ ni?" Lọ́jọ́ tí ilé ìwé wa rán mi wá fún iṣẹ́ ìdánrawò, wọ́n pe àwọn tó ń fọ ọkọ̀ jọ, wọ́n ní, "Ẹ wá wo Jẹ́jẹ́, ọmọ àbúrò mi. Ó fẹ́ fi bírò wa ọkọ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ojú tì mí, mi ò lè jẹun ọ̀sán. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ mi. Òfin kan wà tí wọ́n máa ń kà sí mi létí bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní àdúrà: aláìsàn kì í sùn lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò bá yá, ì báà jẹ́ ikọ́ lásán ló ń wú, ìdí ògiri ni àyè rẹ̀. Bó bá kú síbẹ̀, òun nìkan ló kú.

Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ní ọ̀dà. Ìyàwó ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí bó ṣe ń dán. Ṣùgbọ́n bíréèkì rẹ̀ a máa dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mẹkáníìkì sì ti sọ pé òun ń retí ohun èlò tí òun máa fi tún un ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Ọ̀gá tó ń darí gbogbo ọgbà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. (Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". N kò ní "wọ́n" kankan tó ṣẹ́ kù fún un.) Èmi wà níbẹ̀, mo gbé rédíò Bàbá dání. Awakọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ròyìn fún yín náà wà níbẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n sọ ibi tó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí.

Ọ̀gá ní, "Bàbá, Ìyàwó ni kẹ́ ẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àlejò ń bọ̀ láàárọ̀, ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí."

Bàbá ní, "Ìyàwó ò gbádùn, sà."

"Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ tán, ẹ ti ń pè é láìsàn."

"Ọ̀dà kọ́ ló ń dá a dúró, sà, bíréèkì ni. Bó bá dì sẹ́nu, àwọn tó wà nídìí ò ní ríbi gbà."

"Èmi ni máníjà àbí ẹ̀yin?"

Bàbá ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Bó ṣe ń lọ, Bàbá gba rédíò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ẹ gbé Ìyàwó wá síta o, ó fẹ́ gba atẹ́gùn." Awakọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé e wá. Mo bínú sí Bàbá nítorí ẹ̀fẹ̀ yẹn, mo ṣì ń bínú. Wọ́n lè kọ̀. Ẹni tí kì í bẹ̀rù láti bú gbogbo ayé, kí ló dé tí ẹnu wọn fi rọ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó le?

Ìyókù ni ẹ ti gbọ́. Ìyàwó dì mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ bí òkúta. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà tí èrò ti pọ̀ jù lọ ló há sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tan iná wọn, àwọn awakọ̀ jókòó sínú wọn, kò sí ibi tí wọ́n máa gbà. Mẹkáníìkì wà lábẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí. Àwọn àlejò dé, wọ́n ya fọ́tò ọ̀dà tuntun. Ní ìgboro, èrò ti kún débi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn ibùdókọ̀ mọ́ àwọn kan síta. Ẹlòmíràn pàdánù ìdánwò, ẹlòmíràn pàdánù iṣẹ́. Kí oòrùn tó mú, Ọ̀gá ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé Atòkọ̀ ló to ọkọ̀ bó ṣe wù ú.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, Bàbá bá mi nílé ìdáná ọgbà níbi tí mo ti ń po tíì.

"Jẹ́jẹ́, bí wọ́n bá bi ọ́, o ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Ta ló máa sọ fún ilé ìwé rẹ pé o ṣe iṣẹ́ ìdánrawò rẹ dáadáa?"

Mo ń po tíì náà lọ.

"Ó dáa. O ti dáhùn."

Yàrá ìpàdé náà kéré, tábìlì ló gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi Bàbá bóyá ẹnì kan pàṣẹ fún wọn, Bàbá ní rárá, ọwọ́ àwọn ló ṣe é. Awakọ̀ yẹn wo ilẹ̀. Àǹtí, ẹ mọ̀ mí, ẹni tí wọn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíláàsì ni mí. Ṣùgbọ́n mo dìde. Mo ní Ọ̀gá ló pàṣẹ, pé mo gbé rédíò dání, pé Bàbá ṣàlàyé fún un kò gbọ́. Mo rò pé ó tán, pé òtítọ́ ti jáde.

Bàbá ló sọ̀rọ̀. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Ẹ má dá ọmọ yẹn lóhùn. Kò sí níbẹ̀. Mo ti rán an lọ bu omi."

Ọ̀gá wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọdé ni, ẹ má bá a wí. Ó fẹ́ràn àwọn ẹbí rẹ̀." Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn ju àánú yẹn lọ. Báyìí ni mo ṣe di òpùrọ́ lójú gbogbo wọn, láti ẹnu ẹni tí mo dìde fún.

Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi nílé, kí wọ́n má padà wá. Awakọ̀ yẹn bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní ẹnu géètì, ó wá délé, ó lọ sọ ìtàn míì fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù iṣẹ́ ló ń bà á, n kò bínú sí i. Irọ́ ni mo tún pa yẹn. Mò ń bínú sí i.

Èmi ṣì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀gá máa ń kí mi, ó ní ọjọ́ ọ̀la mi dára. Ó ti lẹ òfin tuntun mọ́ ògiri, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i: kí ọkọ̀ tó bá ní àléébù má ṣe dúró lẹ́nu ojú irin mọ́. Olùkọ́ wa ní kí n kọ nípa àtúnṣe tí mo bá níbi iṣẹ́, òfin yẹn ni mo sì ní láti kọ, kí n fi orúkọ Ọ̀gá sí i. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, òtítọ́ á bá a lọ́jọ́ kan. Kí ni ọjọ́ kan yẹn máa ṣe fún Bàbá?

Mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi sọ pé n kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń kun bàtà iṣẹ́ wọn, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ṣì ń lọ. Èmi ti dé." Mo fẹ́ bi wọ́n pé ta ló bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbé e. Bí mo bá gba ìwé ẹ̀rí nílé ìwé yìí, iṣẹ́ àti iyì wọn ni wọ́n fi rà á fún mi, n kò sì ní lè sọ pé n kò gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ má tọrọ àforíjì, wọ́n á fura. Ẹ kàn bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Láti ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbẹ́ fóònù yẹn ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á ní àsìkò ni àwọn ń wò.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mo kí wọn. Bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ sun ún. Kí Màmá mi má gbọ́, kí àwọn ará ilé ọkọ yín má gbọ́, jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí Bàbá má mọ̀ láéláé pé mo kọ̀wé. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á sọ fún yín náà pé wọ́n ti rán mi lọ bu omi. Ẹ ó sì gbà wọ́n gbọ́, torí bàbá yín ni.

Èmi ni àbúrò yín tó wà níbẹ̀,

Jẹ́jẹ́.